Dáínásọ̀ Inú Sinimá àti Erin Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ohun tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní ilé-kéwú wa ní Òrè, mo rí i pé ọmọkùnrin kan ya ẹranko kan sí ìdí wàláà rẹ̀, lábẹ́ súrà tí mo kọ fún un. Orí ẹranko náà tóbi, eyín rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kéré bí ọwọ́ ìkókó. Kí n tó bi í léèrè, gbogbo kíláàsì ti pariwo orúkọ rẹ̀: Tyrannosaurus! Mo ní, "Erin ńkọ́, níbo ló ń gbé?" Wọ́n ní inú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wọn ló mọ òwe pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé erin ṣì wà nínú igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó yìí ló bá igbó ọba Olúwa, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó tiwa níbí, pààlà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé kò ní dùn létí gbogbo wa.

Àwọn kan nínú àwa àáfà máa ń sọ pé irọ́ kèfèrí ni egungun tí àwọn òyìnbó ń hú, kí a ṣáà kó gbogbo sinimá náà dànù. Èmi ò bá wọn lọ. Egungun náà kì í ṣe irọ́. Ní Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Niger tí mùsùlùmí pọ̀ sí jù, ni wọ́n ti rí egungun Ouranosaurus, tí Philippe Taquet ọmọ Faransé sọ lórúkọ ní 1976, àti ti Nigersaurus, tí Paul Sereno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórúkọ ní 1999. Kí la tilẹ̀ ń lọ sí Niger fún? Àgbàbú wà ní Odígbó. Iyanrìn tí ọ̀dà Àgbàbú wà nínú rẹ̀, ìgbà tí dáínásọ̀ ṣì ń rìn lórí ilẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Nínú Súrà Al-Ankabut, ẹsẹ 20, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé ká rìn lórí ilẹ̀, ká lọ wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá. Ẹni tó bá di ojú ọmọ sí egungun, àṣẹ ta ló ń tẹ̀ lé?

Ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ní sí irú ìtàn yìí kò jẹ́ tuntun. Ní 1912 ni Arthur Conan Doyle kọ ìwé The Lost World, nípa àwọn òyìnbó tó bá ẹranko ayé àtijọ́ lórí òkè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ṣe sinimá ní 1925. Ní 1993 Steven Spielberg gbé Jurassic Park jáde, owó tó pa lé ní mílíọ̀nù 900 dọ́là. Wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró: òmíràn tún jáde ní 2025. Àwa náà ní tiwa. Ọmọ Òkè-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, ni D. O. Fágúnwà, tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938. Ọmọ ènìyàn fẹ́ rí ohun tó ju òun lọ, kí ẹ̀rù bà á, kó sì padà sílé láyọ̀. Ẹni tó ń wá ohun tó ju òun lọ kò jìnnà sí ẹni tó ń wá Ẹlẹ́dàá. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nìyí. Sinimá náà ní èèyàn fa ẹ̀jẹ̀ dáínásọ̀ láti inú ẹ̀fọn tó há sínú oje igi, ó sì fi dá ẹranko padà. Dáínásọ̀ ti pa rẹ́ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún, bẹ́ẹ̀ DNA tó tíì pẹ́ jù tí ọwọ́ àwọn onímọ̀ tẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ọdún lọ. Velociraptor tí wọ́n sọ di ẹranko tó ga tó èèyàn, kò tóbi ju tòlótòló lọ, ìyẹ́ sì wà lára rẹ̀. Súrà Al-Hajj, ẹsẹ 73, sì ti jẹ́ ká mọ̀ pé bí gbogbo ohun tí wọ́n ń pè lẹ́yìn Ọlọ́hun bá para pọ̀, wọn ò lè dá eṣinṣin kan. Ká má parọ́ mọ́ sinimá náà o: nínú rẹ̀, ìgbéraga ló tú ọgbà náà ká. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ọmọ wa ló gbọ́ ìwàásù yẹn? Bíbú ẹranko ni wọ́n gbọ́.

Èyí tó burú jù ni pé ó kọ́ wọn pé ọ̀nà jíjìn ni ìyanu wà, àti pé ohun tó ti kú ló yẹ ká wò. Lójoojúmọ́ ni agbégilódò ń gba Òrè kọjá, tó ru gẹdú. Oko kòkó ń wọ inú igbó Olúwa lọ, bẹ́ẹ̀ ìnàkí ń gbé inú rẹ̀. Ta ni ń gé igi náà? Kì í ṣe òyìnbó onísinimá. Àwa ni, tí à ń to sáfù lẹ́yìn ìmáàmù ní ọjọ́ Jímọ̀. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀: pákó tí a fi kan òrùlé ilé-kéwú wa, mi ò bi ẹni tó tà á fún mi pé igbó wo ló ti wá. Súrà Al-An'am, ẹsẹ 38, sọ pé ìjọ ni àwọn ẹranko náà bíi tiwa. Ìjọ wo la ń fọ́ ilé rẹ̀ yìí?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ni òótọ́ níbẹ̀, kí ni irọ́, ta ló sì lè dá ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sí etí igbó. Ẹ̀yin oníṣòwò igi, ẹ máa bi oníbàárà yín léèrè. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ fi ọ̀rọ̀ igbó sínú kútúbà yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Mi ò jẹ́ kí ọmọ yẹn nu àwòrán rẹ̀. Mo ní kó ya erin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò mọ bí etí erin ṣe rí. Bí a ò bá tètè ṣọ́ra, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àlejò kan yóò fi erin Ọmọ ṣe sinimá ayé àtijọ́, tí yóò sì tà á fún àwọn ọmọ ọmọ wa ní Òrè níbí.

Kí Ọlọ́hun là wá lójú.