Òṣùwọ̀n Ẹlòmíràn

Ẹni tó bá ti ré kọjá ogójì ọdún a máa ní ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan tí ìwé kò kọ́ ọ. Nínú èyí tí ọjọ́ orí ti kọ́ àwa olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí: ẹni tó bá ń fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọn ara rẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò tó.

Ìran tiwa mọ òṣùwọ̀n yẹn. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní signal. Ó lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ egungun, wọ́n á so okùn mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè ilé lẹ́nu rẹ̀ ni wọn yóò fi kọ́ lọ́rùn. Òun náà yóò wá máa dẹtí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí ẹni tí yóò gbé e fún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lu agogo ìlọsílé, òun ni yóò jẹgba. Èdè Faransé tí a kọ́ níbẹ̀ ṣe wá lóore. Òun ló fún wa níṣẹ́, a kò ní bú u. Ṣùgbọ́n okùn yẹn kọ́ wa ní ohun mìíràn: pé èdè tí ìyá wa fi ń pè wá wá jẹun jẹ́ ohun ìtìjú.

Nígbà tí a dàgbà, a tún bá òṣùwọ̀n kejì pàdé. A kọjá ẹnubodè lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, wọ́n ní Yorùbá wa ṣàjèjì létí, wọ́n ní Faransé ti wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwa la fa ààlà náà. Ní 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ wa; Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ bọ́ sí apá Faransé. Ìkọ̀wé pàápàá pín. Nínú ábídí tí Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn èdè rẹ̀ láti 1975, ɔmɔ ni a ń kọ níbi tí ará Nàìjíríà ti ń kọ ọmọ. Ọmọ náà kò yí padà.

Ní 2001, UNESCO kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Èdè wo ni wọ́n fi ń kọrin ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Èdè tí wọ́n torí rẹ̀ so signal mọ́ ọmọ lọ́rùn ni. Kì í ṣe ọjọ́ ìkéde yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í níyì. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti ń gbọ́ orin náà láti kékeré mọ iyì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá yìn ín. Àwọn àgbà sì ti wí i: ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ èdè ti rí ni ọ̀rọ̀ ènìyàn rí. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan wà ní Paris, òmíràn ń wa zémidjan ní Kútọnu, òmíràn ti padà sí oko ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ ní Pọ́bẹ̀, àwa sì ń fi ẹfun kọ̀wé sára pátákó. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, a máa ń ka ilé ara wa, a máa ń ka owó ara wa. Lẹ́yìn ogójì, a bẹ̀rẹ̀ sí í sìnkú àwọn tí a ń fi ara wa wé. Ibẹ̀ ni kíkà náà ti tán lẹ́nu wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ìmẹ́lẹ́. Púpọ̀ nínú wa ti lé ní ogójì ọdún kí a tó kọ́ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí orúkọ bàbá wa. A jókòó ti ábídí bí ọmọdé, ojú kò sì tì wá. Ẹni tí ojú ara rẹ̀ ń tì kì í lè kọ́ nǹkan tuntun, nítorí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà rí i pé kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni a torí yín sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọọdún, bí èsì BAC bá jáde, a máa ń rí ọmọ tí kò bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó sì dorí kodò lọ bí ẹni tí wọ́n fi signal kọ́ lọ́rùn. Ohun tí ìdánwò lè wọ̀n ló wọ̀n. Kò wọn gbogbo ènìyàn. Bí agbára bá wà, ẹ padà lọ ṣe é. Bí ọkàn yín bá fà sí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ lọ kọ́ ọ dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín so okùn náà. Tiwa, ẹlòmíràn ló so ó, ó sì pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ọwọ́ wa lè tú u. Kò di dandan kí ẹ̀yin dúró di ogójì ọdún.