Fọ́tò Kan Kò Tó fún Òkè Fuji

Àwọn kan nínú wa sọ pé fọ́tò òkè tí kò sí àwọ̀sánmà lára rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ ara ògiri kíláàsì, nítorí pé nínú èyíinì ni ọmọdé yóò ti rí òkè náà dáadáa. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Òkè Fuji ní ilẹ̀ Jàpáànì ṣe àpẹẹrẹ. Òkè ayọnáyèéfín ni. Gíga rẹ̀ jẹ́ 3,776 mítà, ọdún 1707 ni ó sì bú gbẹ̀yìn. Ó dá dúró gedegbe. Bí afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin bá kọlù ú, yóò gun òkè lọ. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a sì di àwọ̀sánmà. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè, àwọ̀sánmà náà a tún pòórá. Ìdí nìyí tí àwọ̀sánmà fi ń jókòó sórí Fuji bí fìlà, tí ẹni tí ń wò ó yóò rò pé kò mira, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá kíkankíkan. Àwọn ará ibẹ̀ a máa wí pé bí Fuji bá dé fìlà, òjò kò jìnnà.

Masanao Abe, ìjòyè ilẹ̀ náà kan, kọ́ ilé ìwòye sí Gotemba ní ẹsẹ̀ òkè yìí ní nǹkan bí ọdún 1927, ó sì fi fọ́tò àti sinimá ya àwọ̀sánmà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ẹlòmíràn kà sí ìdíwọ́ ni òun ń ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí ojú ọ̀run mọ́ ni ó yà á, tí ó sì ká ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kí ni ìbá mọ̀ nípa afẹ́fẹ́?

Ìgbà òtútù ni ojú Fuji ń mọ́ jù lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ àríwá ìwọ̀-oòrùn ti da yìnyín rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà kejì ilẹ̀ náà kí ó tó dé ibẹ̀ ní gbígbẹ. Nígbà ooru, afẹ́fẹ́ òkun a fi àwọ̀sánmà bò ó lọ́pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá sì yọjú, yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀, ó ku eérú àti òkúta tí ó pọ́n tí ó sì dúdú. Ọmọ tí ó ti mọ̀ ọ́n ní funfun nìkan yóò bi olùkọ́ rẹ̀ pé òkè wo nìyí.

A kò kẹ́gàn àwòrán tí ó mọ́ o. Èyí tí Kōyō Okada yà létí adágún Motosu ní 1935 rẹwà púpọ̀. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti mú èyí tí ó wà lẹ́yìn owó 1,000 yen tí Jàpáànì gbé jáde ní 2004. (Ojú owó náà ni àwòrán Noguchi wà, oníṣègùn tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa ní Accra ní 1928 níbi tí ó ti ń wá ìdí àrùn náà, ẹ wo bí ó ti sún mọ́ wa tó!) Ṣùgbọ́n iṣẹ́ owó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ògiri kíláàsì.

Fọ́tò mẹ́rin ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tí àwọ̀sánmà bo òkè mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá wí pé ọmọ kò ní rí nǹkan kan nínú ìyẹn, kí ó kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó rò pé ó wà lẹ́yìn àwọ̀sánmà.