Ẹ BÉÈRÈ ÌSÍNÁÀDÌ LỌ́WỌ́ ONÍṢÈGÙN

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó fi ìmọ̀ gbé ọmọ ènìyàn ga. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ogún ńlá kan tí àwọn aṣíwájú wa fi sílẹ̀ fún wa ni ìsínáàdì. Àwọn onímọ̀ hadíìsì kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn nítorí pé ó wé láwàní. Wọn a béèrè pé: Ta ni ó sọ ọ́ fún ọ? Níbo ni ẹ ti pàdé? Ṣé olódodo ni? Ṣé kì í gbàgbé? Ìmáámù Bukhari fi ẹsẹ̀ tọ ìdí ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Kí ló wá dé tí àwa tí a ń béèrè ẹ̀rí lórí hadíìsì kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní òun yóò wo àrùn jẹjẹrẹ ọyàn?

Ẹ jẹ́ kí á yẹ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé wò. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni baba wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kò kọ́ wa pé kí á sẹ́ òdodo nítorí ẹni tí ó gbé e wá. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti gba oyè ìṣègùn ní 1980, kí wọ́n tó lọ sí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti di àgbà nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ. Ní 2005, àjọ MacArthur fi ẹ̀bùn ńlá dá wọn lọ́lá.

Àkọsílẹ̀ wọn ni ó kàn wá jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i pé àrùn yìí ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú nígbà tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré, ó sì máa ń le. Wọn kò méfò. Wọ́n padà sí Ìbàdàn, wọ́n pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn dókítà ibẹ̀. Ní 2012, wọ́n tẹ àyẹ̀wò obìnrin 434 jáde. Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní 2018, òmíràn jáde nínú Journal of Clinical Oncology: obìnrin 1,136 tí ó ní àrùn náà, àti 997 tí kò ní in, kí a lè fi èkíní wé èkejì. Láti 1998 di 2014 ni wọ́n fi kó wọn jọ. Nínú 100 obìnrin tí ó ní àrùn náà, bíi 15 ni ó jogún àbùkù nínú àbùdá tí ó ń ṣí ọ̀nà fún un. Nínú 100 tí kò ní in, wọn kò pé 2. Àbùdá tí wọ́n ń pè ní BRCA1 àti BRCA2 ni ó léwájú nínú wọn.

Ẹ wo bí ó ti jọ ìsínáàdì! Iye ènìyàn wà níbẹ̀, ìlú àti ọdún wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ takò ó rí ohun tí yóò dì mú.

Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Arábìnrin fọwọ́ kan kókó lọ́yàn. Kò dùn ún, ó pa á mọ́ra. Nígbà tí ó wú, wọ́n ní aráyé ni, wọ́n ní jínnù ni. Alfa kan fún un ní hàntú, ó sì ní kí wọ́n fa àgbò wá. Oṣù ń gorí oṣù. Ìgbà tí ó di egbò ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, a ó sì sọ pé kádàrá ni. A gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ànábì tí ó kọ́ wa ní kádàrá náà ni ó pa wá láṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Àdúà kò sì bá abẹ́rẹ́ jà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alfa bẹ́ẹ̀: Ènìyàn mélòó ni ẹ ti wò? Mélòó ni ó yè? Mélòó ni ó kú? Ìwé tí ẹ kọ wọ́n sí dà?

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún ìdílé. Àbùdá yìí lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ baba wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà irú àìsàn tí ó pa àwọn tí ó ti lọ. Ìtìjú tí a fi ń bo orúkọ àrùn mọ́lẹ̀ ń ṣe àwọn ọmọ tí ó kù ní jàǹbá. Kí ẹni tí kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé rẹ̀ má sì ṣe fọkàn balẹ̀ jù, nítorí àwọn tí a kò rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lára wọn ni ó pọ̀ jù. Kókó yòówù tí ó bá yọ, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ mú un lọ.

Ní ìparí, a máa ń fẹ́ kí dókítà obìnrin yẹ ìyàwó wa wò, ṣùgbọ́n tí ọmọbìnrin wa bá ní òun fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn, a ó ní ilé ọkọ ti tó lọ. Níbo ni dókítà náà yóò ti wá? Ọ̀ranyàn àpapọ̀ ni ìmọ̀ yìí: bí a kò bá rí ẹni tí yóò ṣe é láàárín wa, gbogbo wa ni a jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kàwé, ẹ ṣe ìwádìí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ń ṣe ẹ̀dá láǹfààní jíǹkí wa. Àmín.