ANAS TI GÁNÀ: ṢÉ AMÍ NI TÀBÍ ẸLẸ́RÌÍ?



Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Anas Aremeyaw Anas, oníwèé ìròyìn ọmọ Gánà tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ bojú níta gbangba. Àwọn kan ní akọni ni. Àwọn mìíràn ní amí ni, pé Súrà 49, ẹsẹ 12, ti kọ̀ fún wa láti máa tọ pinpin àṣírí ara wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́. Ní ọdún 2015 ni Anas gbé àwòrán sinimá rẹ̀ jáde, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì tí ó ti ń fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ṣọ́ kóòtù. Adájọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 30. Owó ni àwọn kan gbà. A tilẹ̀ gbọ́ pé ewúrẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbà. Kí ọdún náà tó parí, a ti lé 20 nínú àwọn adájọ́ kóòtù kékeré kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ná. Bí ẹnìkan bá jẹ yín ní gbèsè, tí ẹ pè é lẹ́jọ́, tí ó wá fa ewúrẹ́ wọ ẹ̀yìnkùlé adájọ́ lóru, ta ni yóò jẹ́rìí yín? Ẹni tí ó fún un kò ní sọ, ẹni tí ó gbà á kò ní sọ, ewúrẹ́ kò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìtàn Sayyidina Umar tí ó gun ògiri wọ ilé ẹni tí ń mutí kò kan irú èyí rárá. Ọ̀mùtí ń ba ara rẹ̀ jẹ́ nínú ilé rẹ̀. Adájọ́ yẹn ń ta ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Mo wà lẹ́yìn Anas níbẹ̀ gbọningbọnin.

Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀lù ní 2018, ẹsẹ̀ mi ń fà sẹ́yìn. Wọ́n rán ẹni tí ó ṣe bí olówó sí Kwesi Nyantakyi, ààrẹ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Gánà, ó sì gba dọ́là 65,000 ní hòtẹ́ẹ̀lì. FIFA ní kò gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀lù ṣe mọ́ títí ayé. Ní 2020 ni ilé ẹjọ́ eré ìdárayá dín in kù sí ọdún 15. Èmi kò sunkún fún un. Àgbà ni, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Èyí tí ó ń dùn mí ni ti rẹfirí ọmọ Kenya kan tí ń múra àtilọ sí ìdíje àgbáyé ní Russia, tí wọ́n fún ní dọ́là 600, tí ó gbà á, tí ọ̀nà rẹ̀ sì dí.

Àwa ọlọ́jà náà ń ṣe é. À ń fi owó sílẹ̀ lórí káńtà kí á lè mọ̀ bóyá ọmọ ọjà yóò mú un. Bí owó bá ti ń dín nínú àpótí tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí á ṣọ́ ọ. Bí kò bá dín rí ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni a fẹ́ sọ di olè yẹn, iṣẹ́ Ṣàtánì sì ni. Ohun tí mo fẹ́ kí Anas máa fi hàn wá kí ó tó na owó sí ẹnikẹ́ni ni ẹni tí ó kọ́kọ́ ké.

Ní 2023, Adájọ́ Eric Baah ní Accra da ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tí Anas pe ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan nù, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti apániláyà. Ọ̀rọ̀ náà le jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ Anas ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. Ahmed Hussein-Suale, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n yìnbọn pa ní Madina ní 16 January 2019. (Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣòwò ní Accra kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò ní 1969 yóò ti gbọ́ orúkọ àdúgbò náà.) Ọdún tí ó ṣáájú ni ọmọ ilé ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ti fi àwòrán ojú Ahmed hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó ní kí wọ́n nà án bí wọ́n bá rí i, òun yóò sanwó. Ó ní òun kò lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò lè bá àwọn tí ń pariwo pé kí Anas ṣí ojú fún gbogbo ayé pariwo. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni mímọ̀, òótọ́ ni. Kí ó ṣí ìlẹ̀kẹ̀ náà fún adájọ́, nínú yàrá adájọ́, kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ sì wà níbẹ̀ láti bi í ní ohun tí ó bá fẹ́.