Àwọn Ọ̀mọ̀wé tí Wọ́n Yá Ọlọ́jà Lórúkọ

Láti ìgbà tí ìwé tí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìnáwó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà gbé jáde nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, ìbínú ni a fi ń kà á, ìbínú náà ni a sì fi ń pa á dé. Kì í ṣe ti pé ilé-iṣẹ́ Medtronic fẹ́ ta Infuse, èròjà rẹ̀ tí ń mú eegun hù nínú iṣẹ́-abẹ ẹ̀yìn, ni ó dùn wá jù, nítorí a kò retí kí ọlọ́jà bú ọjà ara rẹ̀. Ti àwọn oníṣègùn ni, àwọn ọ̀mọ̀wé tí aráyé ń wárí fún, tí wọ́n jẹ́ kí ọlọ́jà wọ inú ìwé ìwádìí wọn, kí ó fi gègé tirẹ̀ tún ọ̀rọ̀ wọn tò, tí wọ́n sì wá fi orúkọ ara wọn sí i bí ẹni pé àwọn nìkan ni wọ́n dá a kọ.

Láàárín ọdún 1996 sí 2010, nǹkan bí mílíọ̀nù 210 dọ́là ni àwọn aṣòfin náà sọ pé ilé-iṣẹ́ yìí san fún àwọn oníṣègùn tí wọ́n kọ ìwé lórí ìwádìí tí òun fúnra rẹ̀ ń náwó sí. Ẹnu jẹ, ojú sì tì. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan dámọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe to gbogbo ìpalára tí ó bá àwọn aláìsàn sínú ìwé. Àwọn mìíràn sì ki gbólóhùn tiwọn bọ àárín ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn, kí ìrora tí ń bẹ nínú bíbu eegun láti ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀nà àtijọ́, lè tóbi lójú ẹni tí ń kà á. Ìrora ọ̀nà àtijọ́ rí ojú ewé gbà. Ìrora Infuse, ọjà tuntun, ni kò ráàyè.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn tí í mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun! Ìwádìí 13 ni wọ́n ṣe, aláìsàn 780 ni wọ́n fi èròjà amú-eegun-hù yìí sí lára, wọn kò sì rí ìpalára kan ṣoṣo tí wọ́n lè kà sí i lọ́rùn. Oògùn wo ni ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ènìyàn ti ń ṣàìsàn? Ní oṣù Keje ọdún 2008 ni àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kéde pé bí a bá lò ó sí eegun ọrùn, ọ̀fun aláìsàn lè wú títí tí èémí kò fi ní í ráyè kọjá. Nígbà tí Dókítà Eugene Carragee ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tú gbogbo àkọsílẹ̀ náà palẹ̀ nínú The Spine Journal ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, wọ́n bá eegun tí ó hù síbi tí a kò rán an, wọ́n bá ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ ń padà sínú àpò ìtọ̀, wọ́n sì ní ewu náà tó ìlọ́po 10 sí ìlọ́po 50 ohun tí ìwé àwọn ìṣáájú mú ènìyàn gbà gbọ́.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lákínyẹmí ara ni pé ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Oníṣègùn Marshall Urist ni ó fi hàn ní ọdún 1965 pé bí a bá fi eegun tí a ti yọ èròjà líle inú rẹ̀ kúrò sáàárín iṣan ẹranko, eegun tuntun yóò hù níbi tí eegun kò sí rí, àràmàǹdà tí ó tó kí a ṣí fìlà fún. Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọdún 2007, tí àjọ oúnjẹ àti oògùn kan náà gbà kí a lo Infuse láti fi kún eegun párì ẹni tí ehín rẹ̀ ti ká, kí ehín àtọwọ́dá lè rí ibi fìdí múlẹ̀. Báwo ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mọ èyí tí í ṣe òótọ́ mọ́? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Àwọn olóòtú ìwé ìṣègùn ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ olóòtú ni àwa náà ń ṣe, a sì mọ̀ pé kí a tó tẹ ohunkóhun jáde, ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó sanwó rẹ̀.

A ti gbọ́ tẹnu Medtronic: wọ́n ní àwọn kò tọ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni sí ọ̀nà àìtọ́, wọ́n ní owó ẹ̀tọ́ lórí ohun tí àwọn oníṣègùn hùmọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú owó náà, wọ́n sì ti gbé àkọsílẹ̀ wọn fún Yunifásítì Yale kí àwọn ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ti ìkẹyìn yìí. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ṣí gbogbo àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé; ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ kọ iye owó tí ẹ gbà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín; kí ẹ̀yin olóòtú sì so àtúnṣe mọ́ ìwé 13 wọ̀nyẹn kíákíá, nítorí oníṣẹ́-abẹ tí yóò la ẹ̀yìn ẹlòmíràn ṣì lè kà wọ́n lónìí kí ó tó mú abẹ.