Ẹ má fi hard drive yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́

Laptop tó ń wọ́ bí ìgbín yẹn, ẹ má tíì jù ú nù. Hard drive ló sábà máa ń fà á. Àwo pẹlẹbẹ ló ń yí nínú ẹ̀, nǹkan bí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan; SSD ò ní nǹkan kan tó ń yí. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Àmọ́ ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Háà! Fọ́tò ìgbéyàwó, sàtífíkéètì ọmọ, ìwé báǹkì, gbogbo ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kódà kẹ́ ẹ ti pa á rẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ lè hú u jáde. Bí oníṣẹ́ bá ní òun á tìtorí ẹ̀ dín owó kù, ẹ má gbà. Ẹ mú un relé.