Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Kò Sí Ẹ̀rọ

Bí dókítà bá wí fún yín pé kíndìnrín ọkọ, ìyá tàbí ọmọ yín ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì ní kí ó máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dàyálísíìsì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni yóò gba ọkàn yín. Ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì lóòótọ́. Láti 1981 tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní LUTH, l'Ékòó, ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ni àwọn oníṣègùn ń fẹ́. Wákàtí 12 péré nìyẹn nínú 168. Ilé ni aláìsàn ti ń lo ìyókù, lọ́wọ́ ẹni tí ń dáná, ibẹ̀ gan-an sì ni ìrọ̀rùn tàbí ìnira rẹ̀ pọ̀ sí.

Èyí tí ó le jù ni omi. Ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ mọ́, omi tí ó bá mu kò rí ọ̀nà jáde títí di ọjọ́ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ á wú, mímí á sì nira fún un bí ó bá dùbúlẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá ní láti fa omi púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan á máa fà á, òòyì á sì kọ́ ọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà iye tí ó lè mu lóòjọ́, kí ẹ wọn iye náà sínú ìgò kan láràárọ̀. Tíì, ẹ̀kọ mímu, omi ọbẹ̀, omi tí a fi gbé oògùn mì: bí ó bá ti mu èyíkéyìí, kí ẹ da ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ìgò náà. Iyọ̀ ni ó sì ń pe òùngbẹ. Ẹni tí ẹ da iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀, tí ẹ wá ń bá a wí pé ó ń mumi jù, ẹ̀yin gan-an ni ẹ jẹ̀bi.

Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pé kí ó má jẹ iyán? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potásíọ̀mù pọ̀ nínú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti omi àgbọn. Bí ó bá kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì. Ẹ gé iṣu sí wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tó fi omi mìíràn sè é jinná. Kí òkèlè sì mọ níwọ̀n. Àgbo ńkọ́? Rárá o! Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi ẹja àti ẹyin du aláìsàn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ ni dókítà lè ní kí ó dín wọn kù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ nílò wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ń ti Ẹ̀fọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó yóò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, yóò gba Àrámọkọ àti Ìyìn kọjá. Ẹni tí ń lọ sí ti Ìdó-Èkìtì yóò gba Ìjerò. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ, ó ń rẹ aláìsàn bí ẹni tí ó roko láti òwúrọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dá wọkọ̀ bọ̀. Bí ó bá délé, kí ó sùn. Ọjọ́ kejì ni ara rẹ̀ sábà máa ń yá. Ọjọ́ náà ni kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tàbí sí ìpàdé ẹgbẹ́. Mo ti rí i pé ohun tí ń ba irú wọn nínú jẹ́ jù ni kí gbogbo ilé máa pè wọ́n ní aláìsàn fún ọjọ́ méje lọ́sẹ̀.

Owó ni ó ń sọ ẹ̀ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ewu ńlá sì ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀ kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀. UCH n'Íbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ti Ìdó-Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ ni ti Adó. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà níbi méjèèjì kí ẹ tó yàn.

Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ náà kì í ṣe irin. Kí ẹbí pín ọjọ́ ìrìn àjò náà láàrin ara wọn. Bí Ọjọ́rú bá jẹ́ ti àbúrò ọkọ, kí ìyàwó lọ sí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.